Ọmọ-iṣẹ́ Tuntun Nídìí Òfì

Ọ̀rọ̀ mi kan ẹ̀yin ọ̀gá ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn, àti ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gba ọmọ-iṣẹ́.

Ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá kò tíì mọ èyí tí í ṣe ọ̀kọ̀, kò mọ èyí tí í ṣe apasá. Aṣọ òfì kò fẹ̀ púpọ̀. Púpọ̀ rẹ̀ ni a ń rán pọ̀ di agbádá kan, àléébù kékeré a sì hàn. Nítorí náà ni ọ̀gá fi ń bínú. Ẹ̀rù a ba ọmọ, kí oṣù tó parí ó ti sá lọ. Ta ni yóò wá hun ẹtù àti sányán lọ́la?

Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ máa ká òwú. Ẹ dárúkọ ohun èlò kọ̀ọ̀kan fún un. Ẹ fi í ti ọmọ-iṣẹ́ àgbà kan, kí ó lè rí ẹni bi ní ohun tí ojú ń tì í láti bi ọ̀gá. Bí òwú bá já, ẹ kọ́ ọ bí a ṣe ń so ó.

Òwú tó já ṣeé so. Ọmọ tó ti sá lọ kì í sábà padà.

Ó dàárọ̀ o.