ỌJÀ ORÍ FÓÒNÙ, OWÓ ORÍ ÀTI ÌWÉ ÌṢIRÒ

Ọ̀rọ̀ tí Alága ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbò ti ọdún, ní ìlú Bouaké

  

Lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan àti owó ẹgbẹ́ ni a máa ń bá yín sọ níbí. Lọ́tẹ̀ yìí, ìgbìmọ̀ wa ní kí a sọ̀rọ̀ lórí owó orí, pàápàá owó orí àwọn tó ń ta nǹkan àtijọ́ lórí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó orí kì í dùn létí. A rí àwọn kan tó ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa tí à ń sọ̀rọ̀ yìí kò lọ sí ilé ìwé gíga. Lára páálí ẹrù ni a ti kọ́ bí a ṣe ń ka èdè Faransé, inú ìwé awìn ni a ti kọ́ ìṣirò. Ohun tí a bá sọ lónìí, a bi àwọn tó mọ̀ ọ́n léèrè, a sì ti rí apá kan rẹ̀ pẹ̀lú ojú wa.

Báwo ni a ṣe dé orí fóònù?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nínú ọjà ńlá yìí mọ̀ pé nǹkan àtijọ́ kì í ṣe ọjà tuntun fún wa. Ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí wọ́n ṣe ní Venice láyé àtijọ́ wà níbẹ̀, òṣùwọ̀n idẹ kéékèèké tí àwọn Akan fi ń wọn wúrà wà níbẹ̀, aṣọ òfì àtijọ́ láti ilé wa, aṣọ híhun àwọn Baoulé, owó ẹyọ, àti owó ayé àwọn Faransé tí kò ṣeé ná mọ́. Tẹ́lẹ̀, oníbàárà ló ń wá wa sí ìsọ̀. Nígbà tí wọ́n kó wa kúrò nínú ọjà kí wọ́n lè tún un kọ́, tí kálukú gba ibi tó rí lọ, ọ̀pọ̀ oníbàárà kò mọ ibi tí wọ́n ti lè rí wa mọ́. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí ya fọ́tò ọjà, tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí àwọn ọmọ ní Abidjan, ní Paris, ní London àti ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ gbé e sórí eBay, Etsy àti Facebook. Owó wọlé, a sì dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n nítorí pé ọjà yìí kò ní ìsọ̀, tí kò sì sí ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún un láàárọ̀, ọ̀pọ̀ wa rò pé kì í ṣe ọjà lójú òfin. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa wà ní London. A kò ní dárúkọ. Ọmọ dáadáa ni, iṣẹ́ oṣù ló ń ṣe. Láàárín ọdún kan, ó bá ìyá rẹ̀ àti ìyá méjì mìíràn ta ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ, ó sì ta díẹ̀ tirẹ̀ mọ́ ọn. Orúkọ tirẹ̀ nìkan ló wà lórí gbogbo ọjà náà, àpò tirẹ̀ ní báńkì ni gbogbo owó sì ń wọ̀. Ìgbà 46 ló tajà, owó tó wọlé sì jẹ́ 2,900 pọ́n-ùn. Nínú rẹ̀, 800 péré ni tirẹ̀. Ti ìyá rẹ̀ àti ti ìyá kejì jẹ́ 1,500 lápapọ̀, ti ìyá kẹta jẹ́ 600.

Nígbà tó yá, lẹ́tà owó orí dé, pé kí ó wá ṣàlàyé 2,900 pọ́n-ùn. Ẹ̀rù bà á, ó pe Bouaké lóru. Ìyá méjì ní ìwé tí wọ́n kọ ọjà wọn sí, wọ́n sì ní ẹ̀rí owó tó wọ fóònù wọn. Ìyá kẹta kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Èrò ọkọ̀ ló ń bá a mú owó rẹ̀ wá láti Abidjan. 600 pọ́n-ùn rẹ̀ kò rí ẹlẹ́rìí. Wọ́n kà á mọ́ ti ọmọ náà, 800 sì di 1,400. Òfin ibẹ̀ fi 1,000 pọ́n-ùn sílẹ̀ lọ́dún fún ẹni tó ń ṣòwò kékeré. 400 tó lé ni wọ́n gba 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé lórí. Ó san 80 pọ́n-ùn.

Ẹ ó ní kí ni 80 pọ́n-ùn jẹ́? Owó náà kọ́ ló dùn wá. Ọmọ náà ní òun kò bá ẹnikẹ́ni tajà mọ́. Ìyá kẹta ní wọ́n pe òun ní òpùrọ́. Àwọn ìyá mẹ́ta tó ti ń jẹun nínú àwo kan náà fún ogún ọdún kò kí ara wọn mọ́. Oṣù márùn-ún ni a fi bẹ àwọn ìyá wa kí ọ̀rọ̀ náà tó parí. Ẹnikẹ́ni kò jalè, agbowó orí kò sì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ìwé ni kò sí.

Ohun tí òfin sọ lókè òkun

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Bí ènìyàn bá ta aṣọ tó ti wọ̀ rí, tàbí ìlẹ̀kẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, nítorí pé kò fẹ́ ẹ mọ́, ìyẹn kì í sábà jẹ́ òwò. Ṣùgbọ́n bí ó bá rà á láti tà á kí ó lè jèrè, òwò ni, bó ti wù kí ó kéré tó. Kódà nínú ohun tí kì í ṣe òwò, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé bí ohun kan ṣoṣo bá tà ju 6,000 pọ́n-ùn lọ, ó ṣeé ṣe kí owó orí wà lórí èrè rẹ̀.

Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pàṣẹ fún àwọn iléeṣẹ́ tó ni ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n kọ orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá tajà ní ìgbà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún, tàbí tí owó rẹ̀ kọjá 2,000 euro, èyí tó tó nǹkan bí 1,700 pọ́n-ùn. Wọ́n ń fi orúkọ náà ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ owó orí ibẹ̀, HMRC. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 ni èyí àkọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní Faransé àti àwọn ilẹ̀ European Union yòókù, irú òfin yìí ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2023. Ẹ gbọ́ o: owó orí tuntun kọ́ ni èyí. Òfin 1,000 pọ́n-ùn tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ti wà láti oṣù kẹrin ọdún 2017. Ojú tó ń wo ọjà ló pọ̀ sí i.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 2021 fẹ́ kí iléeṣẹ́ máa kọ orúkọ ẹni tí owó ọjà rẹ̀ bá ti kọjá 600 dọ́là. Ní oṣù keje ọdún 2025, òfin mìíràn dá a padà sí ju 20,000 dọ́là àti ju ìgbà 200 lọ. Ṣùgbọ́n bí fọ́ọ̀mù kò bá tilẹ̀ dé, èrè ṣì jẹ́ èrè, ẹni tó jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹni tó bá kó nǹkan àtijọ́ pamọ́ fúnra rẹ̀ ju ọdún kan lọ kí ó tó tà á, owó orí lórí èrè rẹ̀ lè tó 28 nínú ọgọ́rùn-ún.

Fún àwọn tó ti padà sílé ní Nàìjíríà: òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Tinúbú buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026. Nínú owó tí wọ́n ń ṣírò owó orí lé lórí lọ́dún, 800,000 náírà àkọ́kọ́ kò ní owó orí.

Níbí tí a wà ńkọ́?

Ohun àkọ́kọ́: tíkẹ́ẹ̀tì tí mairie ń já fún wa nínú ọjà, owó ibi tí a jókòó sí ni. Kì í ṣe owó orí. Ẹni tó ní òun ti já tíkẹ́ẹ̀tì, òun kò jẹ ìjọba ní nǹkan kan mọ́, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ohun kejì: láti ọdún 2021, òfin Côte d'Ivoire ti pín oníṣòwò kékeré sí ọ̀nà. Ẹni tí àpapọ̀ ohun tó tà lọ́dún kò bá ju 5 mílíọ̀nù faransì lọ, taxe communale ni tirẹ̀, ti mairie. Ẹni tó bá ju 5 mílíọ̀nù lọ títí dé 50 mílíọ̀nù, taxe d'État ni tirẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn impôts ló sì ń lọ. Láti 50 mílíọ̀nù títí dé 200 mílíọ̀nù, ìyẹn ti di microentreprise. Lórí ohun tí a tà ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀, kì í ṣe lórí èrè. Ìwọ̀n tí wọ́n ń gbà lè yí padà nínú annexe fiscale ọdọọdún, nítorí náà, ẹ máa béèrè ní ojú fèrèsé àwọn impôts fúnra yín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í nìyí. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìyá kan ta 4,200,000 nínú ìsọ̀ rẹ̀ lọ́dún. Lọ́kàn rẹ̀, òun kò tíì kúrò lọ́dọ̀ mairie. Ṣùgbọ́n ó ta 1,300,000 lórí fóònù, Orange Money àti Wave ló sì gbé owó náà wá. Owó méjèèjì, òwò ẹnì kan náà ni. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 5,500,000. Ó ti bọ́ sí ọ̀dọ̀ État láìmọ̀. Fóònù kò sì gbàgbé nǹkan kan.

Ohun kẹta kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó orí, ṣùgbọ́n ó so mọ́ ọn. Ère àti nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tí ènìyàn kàn lè dì sínú àpò kí ó fi ránṣẹ́. Láti ọdún 1987 ni ilẹ̀ yìí ti ní òfin tó ń dáàbò bo irú wọn. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó fi í ránṣẹ́ sókè òkun, kí ẹ tó rò ó pé ẹ fẹ́ san owó orí lórí ohun tí kò yẹ kí ó jáde.

"Àlejò ni wá, kí ló kàn wá?"

A gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú ọjà. Àwọn bàbá wa pàápàá kò fẹ́ràn owó orí. Ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ọdún 1968 sí 1969 tí Tàfá Adéoyè ṣáájú, lórí owó orí tó wúwo jù àti ọ̀nà líle tí wọ́n ń gbà gbà á ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ìlú ni wọ́n lórí ilẹ̀ baba wọn. Àwa wà lájò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 náà, ìjọba Ghana fún àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde. Àwọn òbí àwọn kan nínú yàrá yìí wà lára wọn. A kò sọ pé ìwé owó orí jẹ́ ìwé ìgbélùú o. A ń sọ pé ìwé ń pe ìwé, àti pé ẹni tí kò ní ìwé kankan ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tì síta.

Ẹ sì rántí Bouaké tiwa. Lẹ́yìn ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, ọ́fíìsì ìjọba kò sí níbí mọ́. Ní ọdún 2004, àwọn Forces Nouvelles dá ilé ìgbowó tiwọn sílẹ̀, tí à ń pè ní La Centrale. Lójú ọ̀nà, owó ni ọkọ̀ ẹrù fi ń kọjá. Ẹni tó bá rò pé ibi tí kò sí ìjọba ni kò sí owó orí, kí ó bi àwọn tó ṣòwò nígbà náà. Lẹ́yìn àdéhùn Ouagadougou ti oṣù kẹta ọdún 2007, tí ìjọba ń padà díẹ̀díẹ̀, àwa náà lọ yá owó láti tún ọjà gbé. Wọ́n ní kí a mú ẹ̀rí wá pé a ti ń ṣòwò láti ìgbà wo. Ọdún márùn-ún tí a fi làágùn, a kò ní bébà kan tó sọ pé a wà láyé. A padà sílé lọ́wọ́ òfo. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń kọ̀wé.

Ohun tí ìgbìmọ̀ pinnu

Kí olúkúlùkù tó ń tajà lórí fóònù ra ìwé ìṣirò kan. Kí ó kọ ọjọ́ tó ra ọjà, iye tó rà á àti ibi tó ti rà á. Kí ó kọ ọjọ́ tó tà á, iye tó tà á, owó ìfiránṣẹ́, àti ọ̀nà tí owó gbà wọlé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, kí ọmọ rẹ̀ bá a kọ ọ́. Lẹ́yìn ìpàdé oṣooṣù, ọ̀dọ́ méjì yóò jókòó láti ran àwọn ìyá wa lọ́wọ́, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹni tí ọmọ bá ń bá tajà lókè òkun, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ láàárín ara wọn pé ọjà ta ni, pé èló ni owó iṣẹ́ ọmọ. Kí owó gba ọ̀nà tó ní ẹ̀rí, kí a yé fi rán èrò ọkọ̀. Nígbà tí ọdún bá parí, kí ọmọ àti ìyá fi ìwé wọn wé ara wọn, kí lẹ́tà tó dé.

Ẹ má san owó orí fún ẹnikẹ́ni lójú pópó. Ojú fèrèsé ni kí ẹ ti san án, kí ẹ sì gba risíìtì. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà láti lọ, kí ó sọ fún akọ̀wé wa, a ó bá a lọ. Ẹgbẹ́ kò ní bá ẹnikẹ́ni pa owó mọ́, ẹgbẹ́ kò sì ní fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láti dá lọ.

Àjò kò dùn kí onílé má relé. Lọ́jọ́ tí a bá ń relé, kí ó jẹ́ pé ọwọ́ wa mọ́, orúkọ wa mọ́, ìwé wa sì pé. Ọlọ́run yóò bùkún ọjà wa, kò ní jẹ́ kí á ṣe àṣedànù. Àwọn ìyá mẹ́ta yẹn wà nínú yàrá yìí lónìí, orí àga kan náà ni wọ́n jókòó sí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tí wọ́n gbà kí a fi ọ̀rọ̀ wọn kọ́ àwa yòókù.