Kámẹ́rà Tó Ń Fò: Èwo Ló Ríran Jù?

Àwọn baba wa a máa sọ pé ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i bó gun orí igi. Láyé òde òní, ọmọdé ti gun ohun tó ga ju igi lọ. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fò láìsí awakọ̀ nínú rẹ̀, èyí tí a ń pè ní dírónù, ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, àti kámẹ́rà tó wà lára rẹ̀.

Gbogbo ará Kòsọ́fẹ́ ló mọ ohun tí omi ń fojú wa rí. Bí òjò bá pọ̀, tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán, èyí tí ìjọba ṣí ní 1983, odò Ògùn a kún, a ya wọ Ajégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú, a sì máa halẹ̀ mọ́ Máìlì 12 àti Kétu. Ní oṣù kẹwàá 2010, ọ̀pọ̀ ìdílé ló fi ilé wọn sílẹ̀ fún omi.

Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa fẹ́ mọ ibi tí pàǹtí ti dí ọ̀nà omi, kí wọ́n lè fi àwòrán rẹ̀ ti ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn sí ìjọba lẹ́yìn. Owó tó wà nílẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí mo ti kọ́ rí wá, wọ́n ti gba àṣẹ tó yẹ, nítorí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣàdédé fò ó láìgbàṣẹ. Ọ̀kan ní DJI Mini 2 tó jáde ní 2020, tí kò tó 250 gíráàmù. Èkejì ní DJI Air 2S ti 2021, tó wúwo tó 595 gíráàmù, owó rẹ̀ sì ga jù. Méjèèjì ló ń ya 4K.

Wọ́n fi mí ṣe onídàájọ́. Fíìmù ti Air mọ́ roro. Ti Mini ṣókùnkùn, ó ń ṣe wúruwùru bí ẹni pé a bu iyanrìn sí i. Mo ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ fún Air.

Bàbá kan tó jókòó lẹ́yìn wá béèrè pé, “Tíṣà, ṣé àkókò kan náà ni wọ́n yà á?” Ojú tì mí. Ọ̀sán gangan ni ti Air. Ti Mini, oòrùn ti wọ̀.

A ní kí wọ́n tún un yà: ibì kan náà, gíga kan náà, wákàtí kan náà, lówùúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. A kò wò ó lórí fóònù, nítorí ojú fóònù kéré, ó ń bo àléébù. Tẹlifíṣàn ńlá la lò. Ti òwúrọ̀, agbára káká la fi mọ̀yàtọ̀. Ti ìrọ̀lẹ́, nínú Mini, omi àti ẹrẹ̀ di àwọ̀ kan. Nínú Air, a rí ibi tí pàǹtí ti pàdé omi.

Kí ló fà á? 4K ń sọ iye àmì kéékèèké tí a fi to àwòrán, ó lé ní 8 mílíọ̀nù. Kò sọ bí ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà ṣe fẹ̀ tó. Ti Air fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin ti Mini. Ẹ gbé ife àti bàsíà síta nígbà tí òjò ń kán wínníwínní, bàsíà ni yóò gba omi jù. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ dáadáa, ife náà á kún, ẹ óò sì rí omi mu. Bí ìmọ́lẹ̀ ti rí náà nìyẹn.

A gba Mini, a ní kó yà á lówùúrọ̀. A rí ibi tí omi ti há. Owó tó ṣẹ́kù, a fi san fún àwọn tó bá wa kó pàǹtí.

Nítorí náà, ẹni tó ń ṣe ìnáwó alẹ́, kó wá ojú tó fẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀sán, kó má fi owó ṣòfò. Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ ara páálí ṣe ìdájọ́. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n yà á. Bàbá yẹn kò gun igi, kò fo sókè. Ní ìjókòó ló ti rí i.