Òdòdó Tí Kò Rọ



Ọ̀rọ̀ òdòdó ni mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ òní. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ń wí nínú ara rẹ̀ pé, “Èmi tí mo ti dàgbà báyìí, kí ni mo fẹ́ fi òdòdó ṣe? Ìwé pàápàá, ojú ń tì mí láti mú un dání níwájú àwọn ọmọ mi.” Ó dáa. Ẹ gbọ́ ìtàn ìyá àgbà kan ná.

Mary Delany ni orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti bí i ní ọdún 1700. Ní 1768 ọkọ rẹ̀ kú, ó di opó. Ní 1772, nígbà tí ó di ẹni ọdún 72, ó rí ìwé pupa kan tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti òdòdó tí ó wà nítòsí rẹ̀ mu. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé ìwé náà bí awẹ́ òdòdó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí i, ó rò pé òdòdó gidi ni!

Ìyá náà kò dúró níbẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni ó fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ó ń lẹ ìwé aláwọ̀ oríṣiríṣi mọ́ ìwé dúdú, ó ń fi ọ̀dà kùn ún níbi tí ó yẹ. Nígbà mìíràn ó ń lẹ ewé gidi mọ́ ọn. Ó sì ń kọ orúkọ òdòdó, ọjọ́ àti ibi tí ó ti ṣe é. Ojú tí kò ríran dáadáa mọ́ ni ó dá a dúró ní 1782. Ó ti ṣe 985 nígbà náà. Ó kú ní 1788, ṣùgbọ́n àwọn òdòdó rẹ̀ wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní.

Àwa náà lè ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a mú òdòdó ilá. Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n, àmọ́ ta ni ó ti wò ó dáadáa rí? Awẹ́ márùn-ún ni. Àwọ̀ ìyeyè ni, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ lọ́hùn-ún pọ́n, ó fẹ́ dúdú. Àárọ̀ ni ó ń tanná. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti rọ.

Èkíní: Ẹ já ewé ilá kékeré kan, ẹ fi í sáàárín ìwé àtijọ́. Ẹ gbé ohun wúwo lé e fún ọjọ́ méje, kí ó lè gbẹ pẹrẹsẹ.

Èkejì: Ẹ lọ atalẹ̀ pupa, ẹ fi omi pò ó, ẹ fi kun ìwé funfun. Bí ó bá gbẹ, ẹ gé awẹ́ márùn-ún nínú rẹ̀. Ẹ fi osùn kun ìdí awẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kẹta: Ẹ po láfún díẹ̀ mọ́ omi tútù, ẹ gbé e kaná, ẹ máa rò ó títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ aládìrẹ. Òun ni gọ́ọ̀mù wa. Ẹ kọ́kọ́ lẹ ewé, kí ẹ tó lẹ awẹ́ lé e.

Ẹ̀kẹrin, èyí ni ó ṣe pàtàkì jù: Ẹ mú pẹ́ńsù, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ÒDÒDÓ ILÁ. Ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ oko. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbólóhùn kan tí ó wà lọ́kàn yín, bí irú èyí: “Òjò rọ̀ lánàá. Ilá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í so.”

Bí òdòdó yín bá wọ́, kò burú. Bí ó bá wù yín kí ó ní ojú àti ẹnu, kí ó máa rẹ́rìn-ín, ẹ yà á bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò bá yín jà? Òdòdó yín ni.

Ẹ̀yin ará mi, àdá tí a kò lò yóò dípẹtà. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí a kọ́ rí. Ẹni tí kò bá kọ nǹkan mọ́ kò ní pẹ́ gbàgbé. Nítorí náà, ẹ ṣe ojú ìwé kan lọ́sẹ̀. Bí ọmọ yín bá bèèrè pé, “Ìyá, kí ni ẹ ń ṣe?” kí ojú má tì yín. Ẹ dá a lóhùn pé, “Mò ń kọ̀wé.”