Ẹ sùn kí ẹ tó wakọ̀ wálé ọdún

Ọdún dé. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu fẹ́ wálé sí Ṣábẹ̀. Ọ̀nà náà lé ní 200 kìlómítà, ó sì ti pa ènìyàn. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, bọ́ọ̀sì kan àti kámíọ̀n kan kọlu ara wọn ní Ìdáàṣà, iná jó wọn. Ó lé ní 20 ènìyàn tó kú.

Ọmọ wa ṣíwọ́ iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, ó di ẹrù, ó wakọ̀ lóru. Oorun ń kùn ún, ó ní òun á jẹ obì. Obì kì í ṣe oorun o!

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ọkọ̀ tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan, mítà 22 ló ń lọ kí ẹ tó pe "ení". Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta: ó di mítà 66. Ẹ jáde síta, ẹ fi ìṣísẹ̀ ńlá 66 wọ̀n ọ́n. Gbogbo ibẹ̀ ni ẹni tó tòògbé gbà kọjá, tí kò rí nǹkan kan.

Ẹ ránṣẹ́ sí ọmọ yín: kó sùn mọ́jú, kó gbéra láàárọ̀. Bí awakọ̀ bá sì ń tòògbé nígbà tí ẹ wà nínú ọkọ̀, ẹ má tijú rẹ̀. Ẹ ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ká sinmi."