Ẹran Oníyọ̀ Ilẹ̀ Ítálì àti Orúkọ Ìlú

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ọdọọdún)



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ jẹ mọ́ ẹran tí àwọn ará Ítálì máa ń fi iyọ̀ tọ́jú. Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé kí olùkọ́ dìde láti sọ̀rọ̀ ẹran níwájú ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú ìlú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tí ń gbé òkè òkun a máa jẹ ẹran yìí, àwọn mìíràn nínú wọn sì fẹ́ máa fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Ó yẹ kí wọ́n mọ ọ̀nà tí kò léwu. Ó sì yẹ kí gbogbo wa mọ bí àwọn ìlú kéékèèké ti tipasẹ̀ rẹ̀ di olórúkọ.

Òótọ́ ni pé iná kò kan ẹran náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹran tútù lásán. Iyọ̀ a fa omi inú rẹ̀ jáde, afẹ́fẹ́ a sì máa gbẹ ìyókù díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí omi bá dínkù tó, tí iyọ̀ sì wọ̀ ọ́ tán, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí í mú ẹran jẹrà kò ní rí ibi gbé.

Ẹ jẹ́ kí a fi prosciutto ti ìlú Parma ṣe àpẹẹrẹ. Itan ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀ àti iyọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Oníṣẹ́ a fi iyọ̀ tí ó rin díẹ̀ ra ibi tí awọ wà, a sì fi iyọ̀ gbígbẹ ra ibi tí ẹran ti hàn. Wọn a gbé e sínú yàrá tútù, wọn a tún fi iyọ̀ ra á lẹ́ẹ̀kejì, wọn a sì jẹ́ kí ó sinmi fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà wọn a fọ̀ ọ́, wọn a gbé e kọ́ sí yàrá olójú fèrèsé púpọ̀, kí atẹ́gùn àwọn òkè Langhirano lè máa fẹ́ sí i. Wọn a po ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ iyọ̀, wọn a fi kun ibi tí kò ní awọ, kí ó má baà gbẹ jù. Ó gbọdọ̀ lé ní ọdún kan kí ó tó dé ọjà. Ní ìkẹyìn, àgbà nínú iṣẹ́ náà a fi abẹ́rẹ́ tí a fi egungun ẹṣin gbẹ́ gún un níbi mélòó kan, a sì gbé abẹ́rẹ́ náà sí imú. Itan tí òórùn rẹ̀ kò bá dára kò ní gba òǹtẹ̀ adé tí wọ́n ń fi iná tẹ̀ sí awọ.

Ní ọdún 1963 ni àwọn oníṣẹ́ 23 parapọ̀ dá ẹgbẹ́ tí ń ṣọ́ òǹtẹ̀ yìí sílẹ̀. Láti ọdún 1996 sì ni òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ń dáàbò bo orúkọ náà. Ẹni tí kò bá ṣe ẹran rẹ̀ ní agbègbè Parma, ní ìlànà tí wọ́n là sílẹ̀, kò gbọdọ̀ pè é ní ti Parma.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ní àfonífojì Valtellina, ní àríwá Ítálì, ẹran itan màlúù ni wọ́n fi ń ṣe èyí tí à ń pè ní bresaola. Kí Mùsùlùmí ṣáà béèrè bí a ti pa màlúù náà. Ohun tí ó dára jù ni kí a gé e pẹlẹbẹ bí ewé ìwé, kí a fi jẹ búrẹ́dì. Ti ẹlẹ́dẹ̀ sì bá èso ọ̀pọ̀tọ́ mu gidigidi. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni kí a jẹ ẹ́. Ní ọdún 2015, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ kéde pé irú ẹran bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí í fa àrùn náà. Wọ́n ní bí ènìyàn bá ń jẹ 50 gíráàmù lójoojúmọ́, ewu jẹjẹrẹ ìfun ńlá a máa fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i.

Ẹ̀yin ará wa ní ilẹ̀ òtútù tí ẹ fẹ́ ṣe é, ẹ fi odindi ẹran màlúù kan tí ó tó kílò kan bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe fi ẹran lílọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Nǹkan bí 30 gíráàmù iyọ̀ ni ó tó kílò ẹran kan. Ẹ lo iyọ̀ ìtọ́jú ẹran tí ó ní nitrite nínú, nítorí òun ni ó ń dènà májèlé botulism, tí a fà orúkọ rẹ̀ yọ láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí ẹran inú ìfun. Ojú kò lè rí májèlé náà, imú kò sì lè gbọ́ òórùn rẹ̀. Nitrite fúnra rẹ̀ a sì máa pani bí ó bá pọ̀ jù. Agbára iyọ̀ náà kò dọ́gba láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Nítorí náà ẹ tẹ̀ lé ohun tí a kọ sí ara páálí rẹ̀, kí ẹ sì fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Ẹ má ṣe fi àtẹ́lẹwọ́ díwọ̀n rẹ̀.

Ẹ di ẹran náà sínú ọ̀rá, kí ó wà nínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ máa yí i padà lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbé e kọ́ sí ibi tí ìtutù rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 12 sí 15 Celsius, tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò gbẹ jù. Nígbà tí ó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́ta fúyẹ́ sí i ni ó tó jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbé e kọ́ sí àjà nínú ooru wa. Yóò ti jẹrà kí ó tó gbẹ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ ìlú. Ìlú kékeré kan wà ní Umbria tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Norcia. Àwọn ọmọ rẹ̀ mọ iṣẹ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pe ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà ní norcino. Orúkọ ìlú ti di orúkọ iṣẹ́. Amatrice sì jẹ́ ìlú mìíràn, tí a mọ̀ fún ọbẹ̀ tí a fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, tòmátì àti wàràkàṣì sè. Ní ọjọ́ 24 oṣù Ògọ́sì, ọdún 2016, ìsẹ̀lẹ̀ wó Amatrice palẹ̀. Nǹkan bí 300 ènìyàn ni ó kú níbẹ̀ àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká. Ní ọjọ́ 30 oṣù Ọ̀kìtóbà ọdún náà, òmíràn wó ṣọ́ọ̀ṣì Bẹ́nẹ́díìtì Mímọ́ ní Norcia. Àwọn ilé oúnjẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí yọ yúrò méjì sọ́tọ̀ lórí àwo ọbẹ̀ Amatrice kọ̀ọ̀kan: olùjẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, onílé oúnjẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, láti ran ìlú náà lọ́wọ́. Ọbẹ̀ tí ó ti ìlú jáde lọ padà wá gbọ́ bùkátà ìlú ní ọjọ́ ìpọ́njú.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò sí ìlú tí ń rí irú ojúrere bẹ́ẹ̀ lójijì. Ó ti ní orúkọ rere nílẹ̀ kí wàhálà tó dé. Bí a bá fẹ́ kí a máa fi orúkọ ìlú wa pe gàrí wa tàbí epo wa ní ọjà òkèèrè, kí a kọ́kọ́ fẹnu kò lórí òṣùwọ̀n kan, kí a sì yan àwọn àgbà tí yóò máa dán an wò, tí ojú kò ní tì láti sọ fún ará ilé wọn pé, “Èyí kò yẹ.” Bí ẹnì kan bá ta ayédèrú, gbogbo wa ni yóò ta lábùkù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

 Kí Ọlọ́run bùkún ìlú wa.