Ìbàdàn Ni Tàbí Ifẹ̀?



Ọmọbìnrin kan tí mo ti kọ́ rí wá sí ilé mi pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ọjà'ba ni ìyá náà ti ń ta èlùbọ́. Ọmọ fẹ́ kọ́ nípa ìbáṣepọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè, ó sì fẹ́ kọ orúkọ yunifásítì kan sí ipò kìíní nínú fọ́ọ̀mù JAMB. Ifẹ̀ ni ọmọ ń wí. Ìyá ní: "Tíṣà, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Yunifásítì wà ní ìlú wa níhìn-ín. Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń fi ẹ̀kọ́ náà ṣe?"

Mo ní: "Ìyá, iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì sí Ìbàdàn. Nígbà tí ogun Kírìjì fẹ́ parí ní 1886, àwọn kan ló ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ, tí wọ́n ń gbé e bọ̀, láàrin ibùdó Ìbàdàn àti ti Èkìtì. Samuel Johnson, tí ó ti ṣe tíṣà ní Ìbàdàn níhìn-ín, wà lára wọn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹ jẹ́ kí a wá wo yunifásítì méjèèjì. Ìbàdàn ni ẹ̀gbọ́n. 1948 ni a dá a sílẹ̀. Ní Ifẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, ẹ̀ka kan dá dúró fún ẹ̀kọ́ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlájídé Àlùkò wà lára àwọn tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Ní Ìbàdàn, inú ẹ̀kọ́ ìṣèlú ni ẹ ó ti bá a pàdé. Níbẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí ti ṣe olùkọ́, tí ó wá di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní 1985.

Bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀kọ́ nìkan, èmi ìbá ní kí ọmọ náà máa lọ sí Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n a mú bébà, a ṣírò owó ọdún mẹ́rin, kì í ṣe ti ọdún kìíní nìkan: owó yàrá, owó oúnjẹ, owó ọkọ̀. Èrè orí èlùbọ́ kò gbé e. Ẹni tí ó bá ń ti Bẹẹrẹ lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn lè máa sun ilé, kí ó sì máa jẹ nínú ìkòkò ìyá rẹ̀. Omijé bọ́ lójú ọmọ.

Mo wí fún un pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ a-kò-rí-àdán-a-fi-òòbẹ̀-ṣẹbọ. Emeka Anyaoku, tí ó jẹ́ akọ̀wé àgbà Kọ́mọ́nwẹ́lì láti 1990 dé 2000, Ìbàdàn ló ti kàwé. Èdè àti ìtàn àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́ ló sì kọ́. Mo ní kí ó fi èdè Faransé kún tirẹ̀, nítorí òun ni èdè ìjọba ní Benin tí ó múlé gbè wá. Ẹni tí kò gbọ́ èdè aládùúgbò, báwo ni yóò ṣe bá a làjà?

Ó nu ojú rẹ̀, ó kọ Ìbàdàn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi àṣẹ nìkan yàn fún ọmọ. Ẹ fi owó yín hàn án, kí ẹ jọ ṣírò rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, kí ẹ tó béèrè bí orúkọ ibẹ̀ ti tóbi tó.