Bí Kọ̀ǹpútà Bá Kọ Dírẹ́bà: Ẹ Kọ́kọ́ Bèèrè Orúkọ

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sórí ètò wa lálẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè. Ọ̀rọ̀ ohun kékeré kan nínú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni, ohun tí ojú kì í rí, ṣùgbọ́n tí ó ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ẹni tí ń káwọ́ lérí. Mo fẹ́ kí a jùmọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí jẹ̀bi nínú rẹ̀.

Ní Ọ̀bà-Ilé tí mo ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkúrẹ́ níhìn-ín, akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní àdúgbò wa tí ń kọ́ nípa yíya àwòrán ilé. Bàbá rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan fún un, irú èyí tí a ń gbé ka orí tábìlì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ náà pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Tíṣà, ẹ káàárọ̀ sà. Mo yọ dírẹ́bà àtijọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà mi kí n lè fi tuntun sí i. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo gbé tuntun náà fún un, ó ní òun kò rí káàdì tí òun lè bá ṣiṣẹ́. Ní báyìí, gbogbo lẹ́tà ojú rẹ̀ ti di ràgàjì, ohun tí mo fi ń ya ilé kò sì ṣí mọ́."

Mo wà lójú ọ̀nà Oǹdó nígbà náà, mo sì ń kánjú. N kò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Mo ní, "Fọ́máàtì rẹ̀, kí o tún Windows fi sí i. Gbogbo rẹ̀ yóò yanjú." Ọmọ tí a kọ́ kó gbẹ̀kọ́ ni, ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta bá fọ́máàtì lọ, nítorí pé kò ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Nígbà tí Windows délẹ̀ tán, tí ó sì tún gbé dírẹ́bà yẹn fún un, ẹ̀rọ náà tún kọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a bèèrè: kí ni dírẹ́bà yìí gan-an? Kì í ṣe ẹni tí ń wa ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí Èkó. Ìwé àṣẹ ni, tí a kọ ní èdè ẹ̀rọ. Nínú kọ̀ǹpútà, Windows ni ó dà bí ọba lórí ìtẹ́. Káàdì tí ń gbé àwòrán sójú ẹ̀rọ sì dà bí oníṣẹ́-ọnà láàfin. Ọba kò gbọ́ èdè oníṣẹ́-ọnà, oníṣẹ́-ọnà kò sì gbọ́ èdè ọba. Dírẹ́bà ni ògbufọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì.

Àwa ará Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé. Bí ará Àkúrẹ́ ti ń sọ̀rọ̀ kọ́ ni ará ìlú Oǹdó ń sọ tirẹ̀. Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ní tiwọn. Ní Àkókó, ènìyàn kò ní láti rìn jìnnà kí èdè tó yí padà mọ́ ọn lẹ́tí. Ní Àrógbò létí omi, èdè Ijaw ni wọ́n ń sọ. Bí a bá wá mú ògbufọ̀ tí ó gbọ́ èdè Àrógbò, tí a ní kí ó lọ máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ ní Ọ̀bà-Ilé, ǹjẹ́ ẹ̀bi ará Ọ̀bà-Ilé ni bí ọ̀rọ̀ kò bá yé wọn? Ẹ̀bi ẹni tí ó rán ògbufọ̀ náà ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti kọ̀ǹpútà. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí ó bá kọ dírẹ́bà, kì í ṣe agídí ni ó ń ṣe. Òótọ́ ni ó ń sọ fún wa, pé ẹni tí a rán sí òun kò mọ òun.

Nítorí náà, ohun kìíní tí ó yẹ kí a ṣe ni kí a bèèrè orúkọ káàdì náà. Kì í ṣe orúkọ tí a kọ sára páálí, nítorí pé tòkunbọ̀ kì í sábà ní páálí mọ́. Kì í sì í ṣe orúkọ tí ẹni tí ó tà á fún wa pè é. Ẹ ṣí Device Manager, ẹ lọ síbi Display adapters, ẹ tẹ Properties, lẹ́yìn náà Details, kí ẹ sì yan Hardware Ids. Ẹ óò rí VEN àti àmì mẹ́rin tí ó tẹ̀lé e: orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ 8086, Intel ni; ẹ̀rọ kan tí ilé-iṣẹ́ náà gbé jáde ní ọdún 1978 ni wọ́n fi ń rántí. Bí ó bá jẹ́ 10DE, NVIDIA ni. Bí ó bá jẹ́ 1002, AMD ni, èyí tí ó jogún àmì náà nígbà tí ó ra ilé-iṣẹ́ ATI ní ọdún 2006. Lẹ́yìn VEN ni DEV wà, pẹ̀lú àmì mẹ́rin mìíràn. Ìyẹn ni orúkọ káàdì náà gan-an. Bí Windows kò bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, tí ó kàn ń pè é ní Microsoft Basic Display Adapter, àmì wọ̀nyí kì í yí padà.

Èkejì, kí a wo ọjọ́ orí. Bí káàdì bá ti ń dàgbà, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é a máa yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú dírẹ́bà tuntun. Ẹni tí ó bá ti gbà pé ohun tí ó tuntun jù ni ó dára jù yóò kọsẹ̀ níhìn-ín. NVIDIA, fún àpẹẹrẹ, yọ ìdílé káàdì orí tábìlì tí ó ń pè ní Kepler kúrò nínú dírẹ́bà tuntun rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2021. Ẹ̀ka dírẹ́bà tí à ń pè ní 470 ni ó mọ̀ wọ́n kẹ́yìn. Kí a sì wo Windows náà: ṣé ti 32-bit ni tàbí ti 64-bit? NVIDIA ti dẹ́kun ṣíṣe dírẹ́bà tuntun fún 32-bit láti ọdún 2018, Windows 11 kò sì ní ti 32-bit rárá. Nígbà tí Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé Windows 11 ka orí ẹ̀rọ àtijọ́ tipátipá. Kí irú wọn má ṣe yà bí dírẹ́bà bá ń kọ̀.

Ẹ̀kẹta, bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká, kí a kọ́kọ́ lọ sí ìkànnì ilé-iṣẹ́ tí ó to kọ̀ǹpútà náà, ìbáà ṣe HP, Dell tàbí Lenovo, kí a sì wá dírẹ́bà pẹ̀lú nọ́ńbà tí ó wà lábẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí a máa tún dírẹ́bà ṣe kí ó lè bá ẹ̀rọ tiwọn mu. Ìdí nìyẹn tí dírẹ́bà tí a gbà lọ́dọ̀ Intel fúnra rẹ̀ fi lè sọ pé a kò fi ọwọ́ sí òun fún kọ̀ǹpútà yìí, kí a lọ gba tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é.

Ẹ̀kẹrin, kí a wo bóyá dírẹ́bà náà dé ọ̀dọ̀ wa ní odindi. Dírẹ́bà káàdì ńlá lè tó ẹgbẹ̀ta MB tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iná bá lọ, tàbí tí dátà bá tán lójú ọ̀nà, fáìlì náà lè dé ní àbọ̀, kí ojú má sì mọ̀ ọ́n. Kí a fi ìwọ̀n rẹ̀ wé èyí tí wọ́n kọ sórí ìkànnì. Kí a sì wo ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà ń kà. Bátìrì kékeré kan wà nínú rẹ̀, tí ó rí pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ, tí à ń pè ní CR2032. Bí ó bá ti kú, bí ó ti sábà máa ń rí nínú tòkunbọ̀, nígbàkúùgbà tí a bá yọ iná, ẹ̀rọ náà yóò padà sí ọjọ́ àtijọ́. Kọ̀ǹpútà tí ó gbà pé ọdún 2009 ni a wà yóò máa wo ìwé-ẹ̀rí ìkànnì òde òní bí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tí ì pé, yóò sì kọ̀ láti ṣí i.

Ẹ̀karùn-ún, kí a gbá ilé kí àlejò tó wọlé. Ìyókù dírẹ́bà àtijọ́ lè dí ọ̀nà mọ́ tuntun. Kí a da fáìlì wa kọ ná, kí a wọ Safe Mode, kí a sì lo irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí à ń pè ní Display Driver Uninstaller láti kó ìyókù náà kúrò. Nígbà tí a bá ń ṣe èyí, kí a yọ kọ̀ǹpútà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí Windows má baà lọ mú dírẹ́bà mìíràn wá fúnra rẹ̀ nígbà tí a ń fi èyí tí a fẹ́ sí i.

Ẹ̀kẹfà, bí gbogbo èyí kò bá ràn án, kí a ka nọ́ńbà tí Device Manager kọ síwájú wa. Code 28 túmọ̀ sí pé káàdì kò ní dírẹ́bà. Ṣùgbọ́n Code 43 ń sọ pé káàdì fúnra rẹ̀ ti kígbe pé ara òun kò dá. Ó lè jẹ́ dírẹ́bà ni ó bàjẹ́. Ó sì lè jẹ́ eruku, ooru tàbí iná tí kò dúró sójú kan ni ó ti pa káàdì náà lára. Kò sí ògbufọ̀ tí ó lè gbẹnu sọ fún òkú. Kí a pa ẹ̀rọ, kí a yọ ọ́ kúrò lára iná, kí a gbọn eruku rẹ̀, kí a sì dán káàdì náà wò nínú kọ̀ǹpútà mìíràn bí àyè bá wà.

Ẹ kíyè sí i pé n kò tí ì dárúkọ fọ́máàtì. Ẹni tí efọn wọ yàrá rẹ̀ kì í tìtorí rẹ̀ dáná sun ilé. Ẹ má sì ṣe gba dírẹ́bà lórí ìkànnì tí ẹ kò mọ̀, tí yóò ní kí ẹ san owó tàbí kí ẹ pa ààbò ẹ̀rọ yín ná. Fáírọ́ọ̀sì ni púpọ̀ nínú wọn máa ń kó wọlé. Lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ tàbí ẹni tí ó ṣe káàdì ni a ti ń gba dírẹ́bà, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kan iṣẹ́ wa ju bí a ti rò lọ. Nígbà tí a bá ń kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, a ní kí ó wò ó dáadáa, kí ó yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ bá dákẹ́, àwa kan náà ni a ń yí ohun márùn-ún padà pọ̀, tí a kò sì ní mọ èyí tí ó tún un ṣe tàbí èyí tí ó bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìwé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, kí a kọ orúkọ káàdì rẹ̀ sí i, àti nọ́ńbà dírẹ́bà tí ó gbà. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó máa kọ ọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo ti Oǹdó dé, mo lọ sí ilé ọmọ náà. A ṣí Hardware Ids: VEN_10DE, DEV_0FC6. GeForce GTX 650 ni, ọmọ ìdílé Kepler, tí ó jáde ní ọdún 2012. A gba dírẹ́bà 470, a fi sí i, ojú ẹ̀rọ náà sì mọ́ kedere kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú tán. Ìbéèrè kan ṣoṣo, èyí tí mo lè bèèrè lórí fóònù lójú ọ̀nà Oǹdó, ni ó yanjú rẹ̀. Bàbá ọmọ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ojú sì tì mí. Ọmọ náà tún àwòrán rẹ̀ yà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì pẹ́ kí ó tó parí rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá pè mí nípa ẹ̀rọ tí ó kọ dírẹ́bà, ìbéèrè méjì ni mo fi ń dá a lóhùn kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn: "Kí ni orúkọ rẹ̀? Níbo sì ni ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ wà?" Mo fi ìbéèrè méjèèjì náà sílẹ̀ fún yín.